Òkòtó Orí Tábìlì Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi òru ṣe aṣọ ìbora fún ọmọ ènìyàn kí ara lè sinmi, tí Òun fúnra rẹ̀ kì í sùn. Mo dúpẹ́ fún ọwọ́ tó ṣì lè mú kálàmù, fún ojú tó ṣì ń rí ìlà tín-ín-rín, àti fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà láyé, tó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Alihamudulilahi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò tóbi. Ọ̀rọ̀ òkòtó ni, èyí tí ọmọdé lè fi ìkúùkù pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí a gbà kọjá kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ lórí òkòtó.

Ẹ̀gbẹ́dá la dàgbà sí, nígbà tí koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí wa ti wá. Bí a bá ti ilé ìwé dé, tí a jẹun tán, ilé kéú ló kàn. A ó jókòó sórí ẹní, oníkálukú pẹ̀lú wàláà tirẹ̀ lórí itan, igi pẹlẹbẹ tí a fi tàdáwà kọ kéú sí, a ó sì máa ké e títí ohùn yóò fi há. Alfa wa kì í pariwo. Ọ̀pá wọn gùn dé ẹ̀yìn pátápátá, kò sí ìdí tí wọ́n fi ní láti dìde. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ti ń kọ lẹ́tà tó rẹwà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi ní kọ̀mpútà. Wọ́n ní kí n má kánjú, pé lẹ́tà tí a bá kánjú kọ máa ń dà bí ẹni tó sáré wọ aṣọ. Bísímílà ló gbọ́dọ̀ wà lókè wàláà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí níbẹ̀, Alfa kì í wo ìyókù.

Wọ́n tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Bí a bá rí bébà nílẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ Ọlọ́run sí, ì báà jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti fi di ẹ̀pà rí, a gbọ́dọ̀ mú un, kí a gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, kí a sì fi há ihò ògiri níbi tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a máa bá ara wa díje nídìí èyí. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́ṣáláṣí tó kún fún bébà wa bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Bí a bá fọ wàláà tán, tí a sá a sóòrùn kó gbẹ, Alfa á ní kí a lọ ṣeré kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì. Òkòtó la máa ń ta. Ìdí ìkarahun ìgbín la fi ń ṣe é. A ó fọ́ ẹnu rẹ̀ kúrò, a ó wá máa ha ìyókù mọ́ símẹ́ńtì ojú ọ̀nà títí etí rẹ̀ yóò fi dán, tí kò ní gé ni lọ́wọ́ mọ́. Wàá fi ìka méjì yí i, wàá jọ̀wọ́ rẹ̀, á sì máa pòòyì lórí ilẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣubú á tẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fi òkòtó gbá a. Ó máa ń dunni ṣá. Kò sì sẹ́ni tó ń sá.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ọba wọn. Ọkùnrin, obìnrin, kò sẹ́ni tí kò jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òkòtó ẹlòmíràn bá ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, yóò ti máa fẹsẹ̀ jó, yóò máa wí pé, "Ọwọ́ nìyí àbí ẹ̀kọ tútù? Mo ní ọwọ́ nìyí àbí ẹ̀kọ tútù?" Yóò wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mú kí Alfa wa yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń tọ́jú lọ́kàn ju gbogbo nǹkan ìgbà náà lọ.

Ìgbà ń yí. Ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ sí ọfíìsì kan ní Áílándì. Òun ló ń gbé fóònù àwọn oníbàárà tí inú ń bí. Ẹni tí owó rẹ̀ há, ẹni tí wọ́n fún ní ohun tí kò béèrè, ẹni tó kàn fẹ́ rí ènìyàn bú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, etí rẹ̀ ni gbogbo wọn ń dà á sí. Òkè-Odò ló ń gbé, òkùnkùn ló ń bá jáde, òkùnkùn náà ló sì ń bá wọlé. Lọ́dọọdún ni mo ń rí i tó ń rọ bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ó pa ẹgbẹ́ Àsàlátù ọjọ́ Àìkú tì, òun tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló ń gbé orin wọn. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Mo ti ná ohùn mi tán síbi iṣẹ́."

Iṣẹ́ tèmi ni yíya lébẹ́lì. Ṣọ́ọ̀bù mi kékeré wà ní Ìkòtún. Ẹni tó bá se ọṣẹ dúdú, tó yan ẹ̀pà sínú ìgò, tó gún ata gbígbẹ, èmi ni yóò wá bá pé kí n fún ọjà òun lórúkọ àti ojú tó fani mọ́ra. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi á wá jókòó sí àga oníbàárà, á tẹjú mọ́ ògiri. Ní ọ̀sán kan ó sùn lọ lórí àga náà. Láti inú oorun ni mo ti gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ ènìyàn: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ti ń bójú tó o." Mo fi ohun tí mò ń yà sílẹ̀. Mo yíjú sí ògiri kí oníbàárà tó wà níwájú mi má baà rí omijé mi.

Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ dára, ọkàn ń lù dáadáa. Wọ́n ní iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára dé eegun, kí ó gba ìsinmi, kó sì máa dúró mí láàárín iṣẹ́. Ìsinmi náà ni kò lè béèrè fún. Ó ní bí òun bá ń wo ìwé tí òun máa fi béèrè rẹ̀, ọwọ́ òun á kàn wúwo. Ẹ̀rù wá ń bà mí. N kò bẹ̀rù ikú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí ẹni tí mo mọ̀ yẹn lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú wa, kí ara rẹ̀ ṣẹ́ kù sórí àga oníbàárà.

Ní Sátidé mìíràn, ó mú ìdérí ìgò kan lórí tábìlì mi, ó fi ìka yí i láìmọ̀. Ìdérí náà yí díẹ̀, ó dojú dé. Ó tún yí i. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ìdérí yẹn fi ń yí, ojú rẹ̀ wà lára nǹkan kan tí kì í ṣe ògiri. Ibẹ̀ ni òkòtó ti sọ sí mi lọ́kàn.

Bàbá kan wà ní Ìgándò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń fi ẹ̀rọ yí igi ẹsẹ̀ àga àti ti bẹ́ẹ̀dì. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ààtàn Sólóọ̀sì. Bí atẹ́gùn bá yí padà, wọ́n á kàn fi aṣọ dí imú, iṣẹ́ ń lọ. Mo bá wọn lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Òkòtó ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbẹ́."

Wọ́n pa ẹ̀rọ. "Kí lo wí?"

"Òkòtó, sà."

"Ti ọmọ rẹ?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ọfíìsì ló ń ṣe."

Wọ́n wò mí tìka-tẹ̀gbin. "Ẹ̀yin ọmọ Èkó yìí, ayé ń dùn mọ́ yín. Ṣé kí n gbẹ́ ọmọláńgidi mọ́ ọn, kó lè pọ̀n ọ́n lọ síbi iṣẹ́?"

Mo ṣàlàyé fún wọn.  Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi tí àgékù igi wọn wà, wọ́n ń ṣà á, wọ́n yọ igi ọ̀gànwó kan tó pọ́n bí iyùn. Wọ́n ní, "Èmi náà ta á rí. Jókòó."

Òkòtó náà jáde, ó dán, ó wúwo dáadáa. Ó bá ọwọ́ mu. Èmi wá gbé iṣẹ́ tèmi dé. Mo fẹ́ kí nǹkan yìí ní àmì, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ti í ṣe ọjà tí kò lójú. Ọkàn mi sì kún fún ọpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ kọ ju ohun tó wà lókè gbogbo wàláà mi lọ? Mo fi ọwọ́ ara mi ya Bísímílà, kálàmù ń rìn bí Alfa ti kọ́ mi, láìkánjú. Bàbá fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ yí ara òkòtó náà ká. Kò sí lébẹ́lì tí mo yà rí tó wù mí tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ní, "Máṣáállà." Àwa Mùsùlùmí méjì dúró, à ń wò ó, kò sì sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó lójú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi nínú páálí kékeré. Ó yọ ọ́, ó kà á, ó fi kan iwájú orí rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà, àbúrò mi." Inú mi dùn débi pé n kò kíyè sí i pé kò ta á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo lọ kí i nílé. Mo wo orí tábìlì, kò sí. Mo wo inú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, kò sí.

"Àǹtí mi, òkòtó mi dà?"

Ó nàka sókè wọ́dúróòbù. Kùránì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nínú àpò rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé, bí ọmọ tuntun.

"Ṣé ẹ ti ta á rí?"

"Ta kí ni? Orúkọ Ọlọ́run?"

"Òkòtó ni, Àǹtí mi."

"Bí mo bá ta á, ṣé kò ní ṣubú? Òkòtó wo ni kì í ṣubú? Mo mú un dání lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ lọ tọ̀, mo rántí pé ó wà lápò mi, mo padà. Mo gbé e sórí tábìlì, ẹnì kan fẹ́ gbé àwo ìrẹsì lé ibẹ̀, mo kígbe mọ́ ọn. Mo wá ń ṣọ́ ọ. Gbogbo ọ̀sán, mò ń ṣọ́ ọ." Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó rẹwà o. Mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ní nǹkan tó pọ̀ tí mò ń ṣọ́."

 Èmi tí mo ń ṣa bébà nínú iyẹ̀pẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, èmi náà ni mo kọ orúkọ Ọlọ́run sára ohun tí wọ́n dá láti ṣubú. Mo fẹ́ fún ẹni tó ti rẹ̀ ní eré, ẹrù ni mo gbé lé e lórí. Ẹrù mímọ́ ni, òótọ́ ni, ẹrù náà sì ni.

Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Òkè-Odò, ìkarahun ìgbín nìkan ló wà lọ́kàn mi. Kí ló mú kó dára tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Kò níye lórí. Inú ọbẹ̀ ẹnì kan ló ti jáde. Bó bá sọnù sínú koríko, bó bá fọ́, a ó kọrin ẹ̀gàn sí i, a ó wá òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n fọwọ́ gbá orí. "Wò ó! Èmi tí mo ti lọ sí Mẹ́kà! Mo ṣí fìlà fún un, mi ò rò ó pé ilẹ̀ ló ń lọ."

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. A mú kó kéré sí i, kó fúyẹ́. A gbẹ́ àwo igi kan sí i, tí àárín rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kí òkòtó má baà máa sá kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n igi lórí igi ń pariwo. Gbogbo ọfíìsì ni yóò yíjú wò ó. Bàbá ní òun mọ ohun tí a máa tẹ́ sínú àwo náà. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé aṣọ rírọ̀ kan jáde, ó pupa, ó ní òwú tó nípọn. Mo wò ó dáadáa. Ẹní ìkírun wọn àtijọ́ ni.

"Rárá o, Bàbá!"

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Ẹ̀rín pa wá títí wọ́n fi di igi mú. A wá gé awọ báàgì ògbólógbòó kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àwo náà, ariwo sì rọlẹ̀.

Lára òkòtó náà, n kò kọ nǹkan kan. Ó ṣòro fún mi. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ mi ń sọ pé kí n fi àdúrà kékeré sí i, tàbí ọ̀rọ̀ ìtùnú, tàbí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mi. Ìlà dúdú kan ṣoṣo ni mo fà, aláwọ̀ tàdáwà, láti ìdí dé orí, tó ń lọ́ bíi ti ìkarahun ìgbín. Bí òkòtó bá ń pòòyì, ìlà náà á dà bíi pé ó ń gòkè, ó ń gòkè, kò sì débì kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní Sátidé, ó jókòó sí àga rẹ̀. Mo gbé àwo náà síwájú rẹ̀. Ó mú òkòtó náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

"Kò sí nǹkan lára rẹ̀?"

"Kò sí."

"Bó bá ṣubú ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó ṣubú."

Ó fi ìka méjì mú un. Kó tó yí i, ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀: "Bísímílà." Ó sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ kí a tó bu òkèlè, láìrò ó. Mo gbọ́. Ibi tó yẹ kó wà gan-an nìyẹn látilẹ̀wá, lẹ́nu ẹni, níbi tí kò ti lè bọ́ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ṣubú. Èkejì sá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ rántí. Òkòtó náà gbéra, ó dúró ṣinṣin, ìlà dúdú ń gòkè.  Èjìká rẹ̀ tó ti gùn sókè sétí láti ìgbà wo, mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣubú, ó tì í sí mi.

"Ìwọ náà ta á."

Mo ta á. Ó fò kúrò nínú àwo, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí iná tí wọ́n ń fẹ́.

"Ìyá Lébẹ́lì," ó ní, "ọwọ́ nìyí àbí ẹ̀kọ tútù?"

Kò tíì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo tẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi sórí tábìlì, ó sì fi òkòtó gbá a dáadáa, láìṣàánú.

Ó mú un lọ síbi iṣẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, kò lè sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá wa wá dúró lẹ́yìn mi," ló sọ nígbà tó rí èémí. "Wọ́n ní, 'Kí lèyí ń ṣe lórí tábìlì rẹ?' Mo ní, 'Kò ṣe nǹkan kan, sà.' Wọ́n ní, 'Kò níṣẹ́ tó ń ṣe?' Mo ní, 'Rárá, sà. Nínú gbogbo ọfíìsì yìí, òun nìkan ni kò níṣẹ́.'"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín?"

"Ẹnu ló yọ! Mo ti ń ro ibi tí mo ti máa wáṣẹ́ mìíràn. Wọ́n mú un, wọ́n ta á. Ó fò! Ó bọ́ sábẹ́ tábìlì. Àbúrò mi, ọ̀gá wa kúnlẹ̀ o, pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n ń tawọ́ kiri abẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá adìyẹ. Ó kù díẹ̀ kí n ní, sà, ọwọ́ nìyí àbí..."

Kò parí rẹ̀. Ẹ̀rín náà gbé e, ẹ̀rín Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀rín tó ń mú Alfa yọjú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń fi ìborùn nu ojú.

Nígbà tí wọ́n dìde láti abẹ́ tábìlì, ó ní, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n wá bi í bóyá ó lè bá wọn wá òmíràn. Ó ní òun ó wá a. Ó sì wá rọra fi kún un pé òun náà fẹ́ béèrè fún ìsinmi, sà. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ látọjọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ gbé e jáde lórí eré. Wọ́n sì fún un.

Báyìí ni ọjà náà ṣe rí orúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mo sì ya páálí kan fún un, mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà: ÒKÒTÓ KÒ-NÍṢẸ́. Bàbá kọ́kọ́ yarí. "Kò-níṣẹ́ kẹ̀? Ta ló máa fowó ra aláìníṣẹ́? Wọ́n kún àdúgbò yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n." Ṣùgbọ́n àwọn náà fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn. Bí iṣẹ́ bá sú wọn, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á ta á.

Koríko ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa ti di ilé báyìí. Alfa wa ti lọ, kí Ọlọ́run fẹ ibojì wọn. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì dí ihò ògiri náà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbé fóònù, inú ṣì ń bí àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá jókòó láàárín àwọn obìnrin Àsàlátù, ohùn tó ń gbé orin wa, mo mọ ẹni tó ni ín. Òkòtó àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí wọ́dúróòbù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì, nínú áńkáṣíìfù funfun. Kò sẹ́ni tó ń ta á. Èyí tó wà lórí tábìlì ti ṣubú débi pé etí rẹ̀ kan ti sán.

Ìwọ tí o ka èyí, bóyá ní ìdákẹ́jẹ́ ilé rẹ ni, bóyá láàárín iṣẹ́ tí kò tán: kí Ọlọ́run sọ èjìká rẹ kalẹ̀. Kí ó dá ẹ̀rín tí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ padà fún ọ. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ kí o gbá a, àti ohun kékeré kan nílé ayé yìí tí o kò ní láti ṣọ́. Àmín.